Òrí Ìyá Àgbà àti Ẹ̀rọ Ẹsẹ̀ Mi

Kí n tó mọ ABD ni mo ti mọ òórùn òrí. Ní kùtùkùtù, bí Ìyá Àgbà bá ti kírun àsùbáà tán, wọn kò ní tíì ká ẹní ìkírun wọn kúrò nílẹ̀ tí ọwọ́ wọn á ti wà nínú abọ́ òrí. Wọ́n á bu díẹ̀, wọ́n á fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì ra á títí yóò fi yọ́, wọ́n á wá fa ẹsẹ̀ mi sórí itan wọn, wọ́n á máa wọ́ ọ láti orúnkún wá sí gìgísẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n á máa bá ẹsẹ̀ náà wí bí ẹni ń bá ọmọ aláìgbọràn wí: "Ẹsẹ̀ yìí, dákẹ́. Mo ní kí o dákẹ́." Ẹsẹ̀ kì í dákẹ́. Bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín, á fò sọ́hùn-ún. Bí wọ́n bá na ọ̀tún, òsì á gùn ún lórí, àwọn méjèèjì á lọ́ mọ́ra wọn, gìgísẹ̀ á gbéra, ọmọ ìka á dojú kọlẹ̀. Ìyá Àgbà ni ìyá tó bí bàbá mi. Láti Ìwó ni wọ́n ti wá sọ́dọ̀ wa ní Ìjù-Ọ̀tà nígbà tí wọ́n gbọ́ pé ọmọ tí ọmọ àwọn bí kò tíì lè jókòó nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń sáré, wọn kò sì padà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n fẹ́ràn mi, kó wá wo bí ẹsẹ̀ mi ṣe ń dán lójoojúmọ́ ayé. Lójú Ìyá Àgbà, ọmọ tí ara rẹ̀ bá funfun hàu láàárọ̀, ọmọ tí kò lẹ́nìkan ni.

Ilé tí kì í sinmi nilé wa. Ilé ayálégbé ni, ilẹ̀kùn kọjú sí ilẹ̀kùn, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn kan ló là á láàárín. Tírélà tó ń kó ẹrù jáde láwọn iléeṣẹ́ á fun fèrè lójú títì, jẹnẹrétọ̀ onílé á dáhùn lẹ́yìnkùlé, ẹnìkan á sì máa pariwo pé ta ló gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì òun. Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe páànù ìbolé. Ọ̀sẹ̀ yìí wọ́n á wà ní ṣíìfù àárọ̀, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ wọ́n á bọ́ sí ṣíìfù alẹ́, nítorí náà kò sí ìgbà tí ẹnìkan kì í sùn lọ́wọ́ nílé wa, kò sì sí ìgbà tí ẹnikẹ́ni rí oorun sùn dáadáa. Màmá mi ń ránṣọ. Iwájú ilé ni ṣọ́ọ̀bù wọn wà, ẹ̀rọ ìránṣọ wọn á máa dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ẹsẹ̀ wọn kì í kúrò lórí pẹ́dàlì. Èmi nìkan ni mo máa ń wà lójú kan, lórí àga onírọ́bà tí bàbá mi so bẹ́líìtì àtijọ́ mọ́ kí n má baà yọ̀ bọ́ sílẹ̀. Ẹ sì wá wò ó o, èmi tí mi ò lè kúrò lójú kan yìí gan-an ni ara mi kò balẹ̀ jù nínú gbogbo wa. Mo máa ń wo àwọn ọmọ àdúgbò bí wọ́n ṣe ń kọjá lọ sí sùkúù láàárọ̀, pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé wọn àti ike omi lọ́rùn, inú á máa bí mi sí bàtà wọn. Kì í ṣe àwọn ni mo ń bínú sí, bàtà wọn ni. Ilẹ̀ ń jẹ bàtà wọn nísàlẹ̀, tèmi rí bó ṣe rí lọ́jọ́ tí wọ́n rà á.

Ọ̀rọ̀ sùkúù yẹn ló dá gbogbo wàhálà ọdún náà sílẹ̀. Màmá mi pọ̀n mí lọ sí ilé ìwé aládàáni kan tó wà lójú ọ̀nà Ọ̀tà, tí àwọn ọmọ àdúgbò wa ń wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá lọ. Màdáámù tó ni ilé ìwé náà kì í ṣe ènìyàn burúkú, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn. Wọ́n ṣí ìwé kan síwájú mi, mo kà á geere, torí pé mo ti kọ́ ìwé kíkà lára ìwé ìròyìn àtijọ́ tí màmá mi fi ń gé pátánì aṣọ. Ẹnu ya Màdáámù, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n wá yíjú sí màmá mi.

"Ìyá Ràṣí, ọmọ yìí brilliant o. Àmọ́ kí n má parọ́ fún yín, mi ò ní ẹni tó máa máa gbé e lọ sí toilet. Tíṣà kan ló ń mú gbogbo kíláàsì. Tó bá ti lè dìde fúnra ẹ̀, kó di ògiri mú dé toilet, kó padà wá jókòó, ẹ mú un wá. Kódà kó jẹ́ ọjọ́ resumption gan-an, màá gbà á."

Láti orí àga dé ilé ìtọ̀, kí n sì padà. Ohun tó wà láàárín èmi àti sùkúù kò ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ lójú mi nígbà náà, Ìdírókò kò jìnnà tó o. Màmá mi tún pọ̀n mí padà sílé. Nígbà tí a délé, wọ́n jókòó ti ẹ̀rọ wọn, wọ́n sì ń wa pẹ́dàlì láìfi aṣọ kankan sí i.

Ilé ìwòsàn kan ní Ọ̀tà la ti ń gba ìtọ́jú. Obìnrin tó ń tọ́jú mi níbẹ̀, Àǹtí Físíò ni gbogbo àwọn ìyá ọlọ́mọ ń pè wọ́n. Àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ bá èmi fúnra mi sọ̀rọ̀ nípa ara mi, kì í ṣe kí wọ́n máa gba orí mi bá màmá mi sọ ọ́. Wọ́n ní cerebral palsy ni orúkọ rẹ̀, pé ibì kan fara pa nínú ọpọlọ mi nígbà tí wọ́n ń bí mi, pé ibẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọpọlọ ń rán sí iṣan ti ń yí padà, tí iṣan fi ń le nígbà tó yẹ kó dẹ̀. "Ẹsẹ̀ ẹ ò burú, Ràṣí," ni wọ́n wí. "Iṣẹ́ tí wọ́n ń rán sí i ni ò dáa." Ọ̀rọ̀ náà tù mí lára ju bí wọ́n ti rò lọ. Nígbà tí ìsinmi gígùn bẹ̀rẹ̀, tí màmá mi sì ti ròyìn ohun tí Màdáámù sọ fún wọn, Àǹtí Físíò mú àpótí kékeré kan jáde nínú dúrọ́ọ̀ wọn. Kò tóbi ju rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n lọ. Wáyà tín-ín-rín jáde lára rẹ̀, pádì pẹlẹbẹ tó ń lẹ̀ mọ́ ara wà lẹ́nu wáyà kọ̀ọ̀kan. Wọ́n fi omi àti òwú nu ẹ̀yìn ẹsẹ̀ mi, wọ́n lẹ pádì mọ́ ọn, wọ́n wá yí bọ́tìnì roboto kan díẹ̀díẹ̀. Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn mí, bí ìgbà tí ẹsẹ̀ bá kú téèyàn sì ń jí i. Kò dùn mí. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n mú àtẹ́lẹsẹ̀ mi, wọ́n rọra tì í sókè, ó sì lọ. Mo fi ojú ara mi rí i bó ṣe lọ.

Àǹtí Físíò kò tan wá jẹ. Wọ́n ní iná díẹ̀ ló ń gba awọ ara wọlé lọ bá iṣan, tó ń mú kó dẹ̀ fúngbà díẹ̀, pé bó bá yá á tún le padà, pé nínú ìgbà díẹ̀ yẹn ni kí wọ́n na ẹsẹ̀ mi, kí wọ́n sì gbé mi dúró, kí ara lè máa kọ́ ọ. "Mummy, mi ò promise yín pé á máa sáré kiri o. Ẹ̀rọ yìí kì í wo CP sàn. Ó kàn ń ṣílẹ̀kùn ni, ẹ̀yin lẹ máa gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ máa bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ẹ máa bi òun gan-an pé ṣé ó tó." Wọ́n yá wa ní ẹ̀rọ náà títí di ìgbà tí sùkúù bá wọlé, torí ọmọ mìíràn ń dúró dè é.

Ìgbà tí bàbá mi dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n bi wá léèrè ohun tí àpótí náà wà fún. Ẹnu màmá mi yá: "Iná ni wọ́n ní ká máa fi sí i lẹ́sẹ̀." Àkàrà wà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà. Wọ́n gbé e padà sínú abọ́.

"Iná bíi ti báwo?"

"Iná mànàmáná náà ni, Ìyá," ni bàbá mi dáhùn, "àmọ́ díẹ̀ ni."

Ìyá Àgbà dìde, wọ́n sì bọ́ síta. Kò sí ẹni tó pè wọ́n padà, torí gbogbo wa la mọ ohun tó lé wọn jáde. Bàbá mi ní àbúrò ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Múfútáù, tó ń kọ́ṣẹ́ wáyà ilé ní Ìwó kí wọ́n tó bí mi. Orí òrùlé ilé kan ni iná ti gbé e, kò sì sọ̀ kalẹ̀ láàyè. A kì í dárúkọ rẹ̀ nílé wa àfi bí wọ́n bá ń ṣe àdúà. Ìyá Àgbà kì í fọwọ́ kan síwíìṣì. Bí ilẹ̀ bá ṣú, wọ́n á jókòó sínú òkùnkùn títí ẹlòmíràn á fi wọlé wá tanná.

Láti ọjọ́ tí ẹ̀rọ náà ti dé ni ilé wa kò ti rójú mọ́. Lọ́sàn-án, bí oníbàárà bá ti dín kù, màmá mi á pa ẹ̀rọ ìránṣọ tì, wọ́n á gbé mi wọ yàrá, wọ́n á lẹ pádì mọ́ mi lẹ́sẹ̀. Pádì á jábọ́. Wọ́n á tún un lẹ̀, á tún jábọ́. Wọ́n fi rọ́bà ìdirun dè é, ó dúró, àmọ́ mi ò mọ nǹkan kan lára. Wọ́n á yí bọ́tìnì sókè, wọ́n á ní, "Ó tó?" Màá ní, "Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Màámi." Wọ́n á tún yí i. Ojoojúmọ́ ni ibi tí wọ́n ń yí i dé ń ga sí i, tí ẹsẹ̀ mi sì le bíi ti tẹ́lẹ̀. Bàbá mi ní ẹ̀rọ náà ti bàjẹ́ kí wọ́n tó yá wa. Màmá mi ní bàbá mi ò mọ̀ ju páànù lọ. Nígbà tí gbogbo èyí bá ń lọ lọ́wọ́, Ìyá Àgbà á wà lẹ́yìnkùlé, wọ́n á máa fọ ìkòkò tí wọ́n ti fọ̀ láàárọ̀. Ohun kan tún yí padà. Tẹ́lẹ̀, àárọ̀ nìkan ni wọ́n máa ń fi òrí pa mí lẹ́sẹ̀. Ní báyìí wọ́n tún ń pa á lọ́sàn-án, kí màmá mi tó dìde nídìí iṣẹ́, òrí náà sì máa ń nípọn débi pé eṣinṣin tó bá bà mí lẹ́sẹ̀ á rí ìyà. A rò pé ìfẹ́ ló pọ̀ sí i. Ìfẹ́ náà ni lóòótọ́, mi ò lè pè é ní orúkọ mìíràn.

Bẹ́ẹ̀ ni Ìyá Àgbà lọ sí Ìwó fún ìsọmọlórúkọ, wọ́n sì sùn síbẹ̀. Kò sí ẹni tó fi òrí pa mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Màmá mi sáré fi ọṣẹ àti omi wẹ̀ mí, oníbàárà kan tó fẹ́ gba aṣọ Jímọ́ọ̀ ti dúró sẹ́nu ọ̀nà tó ń kanra. Nígbà tó di ọ̀sán, wọ́n lẹ pádì, ó lẹ̀ gbágbá. Inú wọn dùn. Wọ́n kò rántí yí bọ́tìnì sísàlẹ̀. Ibi tó ga dé lọ́jọ́ tó kọjá ni wọ́n fi í sí. Wọ́n tan ẹ̀rọ. Ẹsẹ̀ mi fò sókè, ó gbá abọ́ ẹ̀bà tó wà lórí àpótí ìjókòó dànù, igbe tí mo ké sì gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ já. Gbogbo ayálégbé rọ́ wọlé. Màmá mi já wáyà náà tu, wọ́n gbá mi mọ́ra, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ tí ìrora náà fi lọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n gbé mi jókòó padà, tí kálukú ń sọ tẹnu rẹ̀, mo wo ilẹ̀. Gìgísẹ̀ mi ọ̀tún wà lórí sìmẹ́ńtì. Ó tutù lábẹ́ rẹ̀. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé sìmẹ́ńtì máa ń tutù nídìí gìgísẹ̀, torí gìgísẹ̀ mi kì í kan ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún wọn, àmọ́ ariwo wọn pọ̀ ju tèmi lọ.

Nígbà tí Ìyá Àgbà padà dé, ẹ̀rọ náà ti wà nínú báàgì lára ìṣó. Wọ́n gbọ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó sọ ẹrù kalẹ̀. Wọn kò jà. Wọ́n kàn wọlé, wọ́n fọwọ́ ra mí láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Ó ti parí." Inú bí mi débi pé mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Wọ́n gbé oúnjẹ fún mi, mi ò jẹ ẹ́. Wọ́n gbé òrí wá lọ́jọ́ kejì, mo ká ẹsẹ̀ mi kò, ẹsẹ̀ tí kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni, ó gbọ́ tèmi lọ́jọ́ náà. Bàbá mi béèrè ohun tí mo fẹ́, mo ní ẹ̀rọ mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó fẹ́ pa mí? Mo ní gìgísẹ̀ mi kan ilẹ̀. Wọ́n wo màmá mi, màmá mi wo wọ́n. Ọjọ́ tí sùkúù máa wọlé ti ń sún mọ́, màmá mi sì ní wọ́n á mú èmi àti ẹ̀rọ náà padà lọ bá Àǹtí Físíò, kí wọ́n mọ èyí tó bàjẹ́ nínú wa. Ìyá Àgbà ní àwọn náà ń bá wa lọ.

Àǹtí Físíò gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n ní ká gbé ẹsẹ̀ wá. Wọ́n fi ọwọ́ kàn án, wọ́n gbọ́ òórùn ìka wọn.

"Ta ló ń fi òrí pa á? Ẹ jọ̀ọ́, kò sẹ́ni tó ṣẹ̀ o. Bí òrí bá wà lára, pádì ò lè lẹ̀, iná ò sì ní wọlé dáadáa. Ìyẹn ló fà á tí ò fi mọ̀ ọ́n lára. Ọjọ́ tí ò sí òrí, Mummy ti wá yí i sókè jù."

Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n yíjú sí Ìyá Àgbà, wọ́n fẹ́ bá wọn tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Àǹtí Físíò pé Ìyá Àgbà ò mọ̀. Ìyá Àgbà gbé ọwọ́ sókè.

"Mo mọ̀," ni wọ́n wí. "Mo mọ̀ pé kò ní wọlé. Torí kó má baà wọlé ni mo ṣe ń pa á. Mo ní ọmọ kan tí iná mú lọ. Èyí tó kù fún mi, mi ò lè jókòó kí ẹ máa fi iná sí i lára lójú mi. Ẹ má bínú sí mi."

Mo retí pé ẹnìkan á jágbe mọ́ wọn. Èmi gan-an ti ṣe tán láti jágbe, torí ẹsẹ̀ mi ni, sùkúù mi ni. Ṣùgbọ́n mo wo ojú Ìyá Àgbà. Mi ò tíì rí wọn kí wọ́n sunkún rí, omijé ti kún ojú wọn. Àǹtí Físíò jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n yí ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà padà, wọ́n ṣí i, wọ́n sì yọ bátìrì kékeré onígun mẹ́rin kan jáde, wọ́n fi í sí Ìyá Àgbà lọ́wọ́.

"Màmá, gbogbo iná tó wà nínú ẹ̀ rèé. Kò so mọ́ iná NEPA rárá."

Ìyá Àgbà yí bátìrì náà síwá sẹ́yìn. "Mo mọ nǹkan yìí. Irú ẹ̀ ni Ládàánì wa ń fi sínú maikirofóònù mọ́sálásí."

"Òun náà ni, Mà."

"Èyí tó ń gbé sẹ́nu lójoojúmọ́ yẹn?"

"Òun náà ni."

Ìyá Àgbà wo bátìrì, wọ́n wo màmá mi, ìbínú sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibi tí ẹkún wà tẹ́lẹ̀. "Kí ló dé tí ẹ ò ṣí i hàn mí láti ọjọ́ yìí? Ẹ kàn ń sọ pé iná, iná! Ṣé torí mo ti darúgbó?" Màmá mi kúnlẹ̀. Òótọ́ ni. Gbogbo wa la rí bí Ìyá Àgbà ṣe ń sá jáde, kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó tẹ̀ lé wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti lọ sọ ohun tí nǹkan náà jẹ́. Ìyá Àgbà wá ká ọwọ́ aṣọ wọn sókè, wọ́n ní kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ àwọn náà kí àwọn tó gbà. Àǹtí Físíò fi ọṣẹ fọ apá wọn, torí òrí wà níbẹ̀ pẹ̀lú, wọ́n lẹ pádì, wọ́n yí bọ́tìnì. Ìyá Àgbà di ojú, wọ́n ní "Bísímílàhi." Ìka wọn bẹ̀rẹ̀ sí í mira fúnra rẹ̀. Wọ́n la ojú. Wọ́n wo ìka náà fúngbà pípẹ́, wọ́n wá sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, bí ẹni pé àwa kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, pé, "Èyí tó pa Múfú ò rí báyìí." Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo gbọ́ orúkọ náà lẹ́nu wọn tí kì í ṣe nínú àdúà.

Láti ọjọ́ náà, ọwọ́ Ìyá Àgbà ni ètò ẹsẹ̀ mi bọ́ sí, wọ́n sì ń ṣe é bí ìgbà tí wọ́n ń ṣe àlùwàlá. Ọṣẹ àti omi lọ́wọ́ọ́rọ́ á kọ́kọ́ wá, ẹ̀rọ á tẹ̀ lé e, wọ́n á na ẹsẹ̀ mi, wọ́n á gbé mi dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n á máa fi ẹ̀yìn rìn níwájú mi láìfọwọ́ kàn mí. Òrí ló ń kẹ́yìn. Mo ń ṣubú. Mo ń bú. Ọjọ́ mìíràn ẹsẹ̀ á dẹ̀ tí màá dé ẹnu ọ̀nà yàrá onílé, ọjọ́ mìíràn ẹ̀wẹ̀ mi ò ní lè kúrò lórí àga, tí a ò sì mọ ìdí. Títí dòní, bí mo bá sọ ìtàn yìí ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ọ̀tà, ẹnìkan á ṣáà béèrè pé, "Ẹ̀rọ yẹn ló wá wò ọ́ sàn?" inú á sì bí mi. Ọ̀pá mi méjèèjì rèé lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, wọ́n ń wò ó. Kò sí ohun tó wò mí sàn. Ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń le láàárọ̀, bí òtútù bá mú ó máa ń burú sí i. Ohun tí mo rí gbà lọ́dún náà ni ààyè díẹ̀, mo sì kọ́ bí a ṣe ń yára lo ààyè díẹ̀.

Ọjọ́ tí sùkúù wọlé, bàbá mi wà ní ṣíìfù. Ìyá Àgbà fi ọṣẹ wẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n nù ún gbẹ, wọ́n sì wọ aṣọ fún mi láìfọwọ́ kan abọ́ òrí. Ẹsẹ̀ mi funfun hàu. Àwọn aládùúgbò ń wò wá bí a ṣe ń jáde, mo sì rí i pé Ìyá Àgbà mọ̀ pé wọ́n ń wò wá. Ohun tí wọ́n pinnu ni pé a ò ní lo ẹ̀rọ nílé, torí kí ẹsẹ̀ tó dé sùkúù, ó lè ti le padà. Inú kẹ̀kẹ́ Márúwá ni wọ́n ti lẹ pádì mọ́ mi. Ọ̀nà náà kún fún kòtò, màmá mi fi ọwọ́ méjèèjì dì mí mú, nítorí náà Ìyá Àgbà ló gbé àpótí náà dání, àwọn tí kì í fọwọ́ kan síwíìṣì. Wọ́n gbé àtàǹpàkò lé bọ́tìnì.

"Ó tó?"

"Ẹ fi kún un, Ìyá Àgbà."

"Ó tó báyìí?"

"Ẹ tún fi kún un díẹ̀."

Oníkẹ̀kẹ́ wò wá nínú díńgí. "Mama, wetin be that? Una dey charge pikin?"

"Wo iwájú ẹ jàre," ni Ìyá Àgbà dá a lóhùn, ojú wọn kò kúrò lára ẹsẹ̀ mi.

Màdáámù gbé àga kan síwájú ọ́fíìsì wọn. Ilé ìtọ̀ wà ní ìparí ògiri. Wọ́n ní kí n dìde. Àwọn ọmọ rọ́ sójú fèrèsé kíláàsì, ẹ̀rù bà mí, bẹ́ẹ̀ ni ẹsẹ̀ mi, ẹsẹ̀ tí a ti tọ́jú nínú kẹ̀kẹ́, lọ́ mọ́ ara rẹ̀ wìì. Màmá mi mí kanlẹ̀. Mo di ojú, mo sì sọ ọ́ fún un bí mo ṣe ń gbọ́ ọ láàárọ̀ ojoojúmọ́ ayé mi: ẹsẹ̀ yìí, dákẹ́. Mo dúró. Mo tún sọ ọ́. Ó tú díẹ̀, kì í ṣe gbogbo rẹ̀. Mo ti ara mi sókè, mo gbá ògiri mú. Ọ̀dà ògiri náà ń bọ́ sí mi léèékánná. Mo rìn díẹ̀, mo dúró, mo rìn. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ Ìyá Àgbà lẹ́yìn mi, wọn kò fọwọ́ kàn mí. Mo wọ ilé ìtọ̀, mo sì ti ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì wà níbì kan rí tí ilẹ̀kùn wà láàárín èmi àti ẹlòmíràn. Ó pẹ́ díẹ̀, Ìyá Àgbà kan ilẹ̀kùn náà.

"Ràṣí, ṣé kí n wọlé?"

"Ẹ má wọlé," ni mo dáhùn. "Mo ń bọ̀."

Nígbà tí mo padà jókòó, Màdáámù kò sọ ju pé kíláàsì mi wà lápá ọ̀tún lọ. Màmá mi ti fi ìbòrí wọn bojú. Ìyá Àgbà jókòó sílẹ̀ níwájú mi, lórí sìmẹ́ńtì, lójú gbogbo ọmọ sùkúù, wọ́n tú etí ìró wọn, wọ́n sì mú òrí jáde nínú ọ̀rá. Wọ́n rà á lọ́wọ́ títí ó fi yọ́, wọ́n fa ẹsẹ̀ mi sórí itan, wọ́n sì fi pa á dáadáa, títí ó fi dán, kí n tó wọ kíláàsì.